Àgbà Kì í Wà Lọ́jà: Òfin Tí Ó Ń Dáàbò Bo Orí Ọmọ Lórí Pápá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èébú fún ọmọdé. Bí Ọlọ́run ti dá a ni. Ọmọ tí ó bá ṣubú lórí pápá a gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ nù, a sì tún sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù, nítorí pé ibi tí eré ń lọ ni ojú rẹ̀ wà. Àgbà ni ó yẹ kí ó dúró, kí ó wo ibi tí ọmọ náà ti ṣubú, kí ó béèrè ohun tí ó gbé e ṣubú àti ohun tí ìṣubú náà fi sí i lára. Ṣùgbọ́n nígbà tí eré ìdíje bá gbóná, àgbà pàápàá kì í fẹ́ wo ẹ̀yìn mọ́. Olùkọ́ eré fẹ́ borí. Àwọn òbí ń pariwo. Àwọn òǹwòran ń ka ìṣẹ́jú tí ó kù. Ìdí nìyí tí gbogbo ìpínlẹ̀ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 2009 sí ọdún 2014, fi ṣe òfin tí ó sọ ọ́ di dandan fún àgbà láti wo ẹ̀yìn nígbà tí ohun kan bá gbá ọmọ lórí.

Ohun Tí Ó Ń Ṣẹlẹ̀ Nínú Agbárí

Ọpọlọ ènìyàn kò le bí eegun. Rírọ̀ ni ó rọ̀, inú omi díẹ̀ ni ó sì wà láàárín agbárí, gẹ́gẹ́ bí pupa ẹyin ti wà láàárín funfun rẹ̀ tí èèpo sì yí wọn ká. Bí ènìyàn bá mú ẹyin tí ó sì mì ín jìgìjìgì, èèpo lè má sán rárá, síbẹ̀ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ti dàrú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí nígbà tí orí ọmọ bá kọ lu ilẹ̀ tàbí orí ẹlòmíràn, tàbí nígbà tí wọ́n bá kọ lu ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọrùn rẹ̀ fi jù síwá-sẹ́yìn. Ọpọlọ á yí nínú agbárí. Àwọn okùn tíntìntín tí ń jíṣẹ́ láti apá kan ọpọlọ dé apá kejì á fà. Ìṣe ọpọlọ á sì dàrú fún ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní kọ̀ǹkọ́ṣọ̀n. Ní èdè Yorùbá, mímì ọpọlọ ni.

Ohun mẹ́ta ni ó mú kí ìpalára yìí ṣòro láti mọ̀. Èkíní ni pé ẹ̀jẹ̀ kì í jáde, eegun kì í sì í ṣẹ́. Èkejì ni pé púpọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ni kì í dákú, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ọmọ kò bá ti dákú, kò sí ohun tí ó ṣe é. Ẹ̀kẹta ni pé ẹ̀rọ tí àwọn oníṣègùn fi ń ya àwòrán inú orí kì í sábà fi í hàn. Àmì tí ó ní ni orí fífọ́, òòyì, èébì, kí ojú máa ṣe bàìbàì, kí ìmọ́lẹ̀ tàbí ariwo máa ni ọmọ lára, kí ó máa gbàgbé ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, kí ó máa bínú láìnídìí, tàbí kí oorun rẹ̀ yí padà. Òmíràn nínú àmì wọ̀nyí kì í yọjú àfi lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

Ẹnu ọmọ náà ni ó yẹ kí a ti gbọ́ púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tí a ń bi léèrè yìí, òun gan-an ni iyè rẹ̀ ti rá. Bí iyè rẹ̀ bá tilẹ̀ pé, ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kò sí ohun tí ó ṣe mí.

Àwọn mìíràn a máa gbẹ́kẹ̀ lé àṣíborí. Òótọ́ ni pé àṣíborí ń dáàbò bo eegun agbárí kí ó má baà fọ́. Ṣùgbọ́n kò lè di ọpọlọ mú kí ó má yí nínú agbárí, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn kò ti lè fi aṣọ wé ẹyin kí inú rẹ̀ má mì.

Ìsinmi ni oògùn tí ó ṣe pàtàkì jù. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ọmọ sinmi bí ó ti yẹ, tí wọ́n sì dá a padà sí ẹ̀kọ́ àti eré díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ni ara wọn máa ń yá pátápátá. Ewu ńlá wà nínú ìkọlù kejì tí ó bá dé kí ti àkọ́kọ́ tó san. Kì í ṣẹlẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọ̀dọ́ kan pé ìkọlù kejì, tí ó lè má tilẹ̀ le, mú kí ọpọlọ wọn wú lójijì, tí ẹ̀mí fi bọ́ tàbí tí ara fi rọ títí ayé. Láti ọdún 1984 ni àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ̀ràn náà ní orúkọ. Àríyànjiyàn ṣì wà láàárín wọn lórí bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò lórí pé ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ bá mì kò gbọdọ̀ padà sí eré lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Tí Òfin Náà Ń Jẹ́ Orúkọ Rẹ̀

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2006, ní ìpínlẹ̀ Washington tí ó wà létí òkun Pàsífíìkì ní Amẹ́ríkà, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 13 kan tí ń jẹ́ Zackery Lystedt ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tí ó rí gbọọrọ, tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré, tí àwọn alátakò sì ń fi ara gbá ẹni tí ó bá gbé e mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó kù ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n sinmi ní ààrin eré, Zackery gbá alátakò kan mọ́lẹ̀, orí òun fúnra rẹ̀ sì kọ lu ilẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àṣíborí rẹ̀ mú. Wọ́n mú un jáde fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí apá kejì eré bẹ̀rẹ̀, ó ti padà sórí pápá.

Ó gbá bọ́ọ̀lù náà dé òpin. Bí eré ti parí ni ó dá kú lórí pápá. Bàálù hẹlikọ́pítà ni wọ́n fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ìlú Seattle, níbi tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ti yọ eegun agbárí rẹ̀ ní apá ọ̀tún àti apá òsì kí ọpọlọ tí ń wú náà lè rí àyè. Ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, ṣùgbọ́n ìgbé ayé rẹ̀ yí padà. Oṣù 9 kọjá kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Oṣù 13 kọjá kí ó tó lè gbé apá tàbí ẹsẹ̀. Fún oṣù 20, rọ́bà ni wọ́n fi ń fún un ní oúnjẹ. Nígbà tí ó di ọdún 2011 tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó dìde lórí kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kọjá láti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ọdún bí i márùn-ún ni ó fi ṣiṣẹ́ fún ìrìn kúkúrú náà.

Ìgbẹ̀yìn ni ń yé olókùú àdá. Àwọn òbí ọmọ náà kò fẹ́ kí ó jẹ́ ìgbẹ̀yìn ni yóò máa yé àwọn òbí mìíràn. Wọ́n dara pọ̀ mọ́ agbẹjọ́rò wọn, Richard Adler, àti oníṣègùn kan, Stanley Herring, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2009, gómìnà Christine Gregoire buwọ́ lu Òfin Lystedt. Òun ni òfin àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí ó kún rẹ́rẹ́ ní Amẹ́ríkà.

Ohun Tí Òfin Náà Sọ

Òfin náà kò gùn. Ohun mẹ́ta ni ó dúró lé.

Èkíní ni ìmọ̀. Lọ́dọọdún, kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì, ọmọ náà àti òbí rẹ̀ tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ka ìwé tí ó ṣe àlàyé mímì ọpọlọ, kí wọ́n sì buwọ́ lù ú. Kò sí ẹni tí yóò lè sọ lẹ́yìn ọ̀la pé òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Èkejì ni yíyọ ọmọ kúrò nínú eré. Bí wọ́n bá fura pé ọpọlọ ọmọ ti mì, wọ́n gbọ́dọ̀ mú un kúrò lórí pápá lójú ẹsẹ̀. Ìfura ni òfin sọ; kò sọ pé kí ó dá ẹnikẹ́ni lójú. Olùkọ́ eré kì í ṣe dókítà, òfin kò sì ní kí ó di dókítà lórí pápá. Ohun tí ó ní kí ó ṣe kò ju ohun tí ìyá ń ṣe nígbà tí ó bá fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ rẹ̀ tí ó sì gbóná: kì í dúró kí ó mọ orúkọ àìsàn náà kí ó tó gbé ọmọ kúrò nínú oòrùn.

Ẹ̀kẹta ni ìwé àṣẹ. Ọmọ tí wọ́n bá mú jáde kò gbọdọ̀ padà àfi bí oníṣègùn tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ, tí ó sì kọ́ nípa ìtọ́jú mímì ọpọlọ, bá yẹ̀ ẹ́ wò tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ ti yá. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí wọ́n ti ṣe òfin tiwọn ní ọdún 2011, wọ́n kọ ọ́ gbangba pé olùkọ́ eré kò ní àṣẹ láti dá ọmọ padà sórí pápá.

Ẹni tí ó bá wo òfin yìí dáadáa yóò rí ohun tí ó ṣe. Ó gba ìpinnu kúrò lọ́wọ́ gbogbo àwọn tí ọkàn wọn gbóná lọ́jọ́ eré: ọmọ tí ó fẹ́ ṣe akin, olùkọ́ tí ó fẹ́ borí, bàbá tí ó fẹ́ kí ọmọ òun di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ó fi í fún ẹni tí kò sí níbẹ̀, tí ẹni tí ó borí àti ẹni tí ó pàdánù jẹ́ ọ̀kan náà lójú rẹ̀. Àǹfààní kan sì tún wà fún olùkọ́ eré fúnra rẹ̀. Kí òfin tó dé, olùkọ́ tí ó bá yọ ọmọ tí ó mọ eré jù lọ ni wọn yóò dá lẹ́bi bí wọ́n bá pàdánù. Ní báyìí, òfin ni ó yọ ọ́.

Àtakò àti Èsì

Láàárín ọdún márùn-ún, gbogbo ìpínlẹ̀ 50 tí ó wà ní Amẹ́ríkà àti olú-ìlú orílẹ̀-èdè náà ni ó ti ní irú òfin yìí. Mississippi ni ó kẹ́yìn, ní ọdún 2014. Síbẹ̀, àtakò kò ṣàìwà.

Àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù kan sọ pé wọ́n gbá àwọn lórí nígbà èwe àwọn, àwọn kò sì kú. Ọmọ Nàìjíríà kan ni ó kó ìdáhùn sí èyí lélẹ̀. Dókítà Bennet Omalu, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Nàìjíríà kí ó tó lọ sí Amẹ́ríkà, ni ó yẹ òkú Mike Webster wò ní ìlú Pittsburgh ní ọdún 2002. Gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù ni Webster, ẹni ọdún 50 ni nígbà tí ó kú, iyè rẹ̀ sì ti dàrú fún ọdún púpọ̀ kí ó tó kú. Omalu rí àwọn ìdọ̀tí kan nínú ọpọlọ rẹ̀ tí kò yẹ kí ó wà nínú ọpọlọ ẹni ọjọ́ orí rẹ̀, ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 2005. Ọ̀rọ̀ Webster kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé, ìkọlù ọdún púpọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹni tí kò kú lọ́jọ́ tí wọ́n gbá a lórí lè jẹ gbèsè tí yóò san lọ́jọ́ iwájú.

Àwọn mìíràn béèrè pé ǹjẹ́ òfin náà tilẹ̀ ṣiṣẹ́. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2017, tí ó tẹ̀ lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga Amẹ́ríkà fún ọdún púpọ̀, rí i pé iye mímì ọpọlọ tí wọ́n ń ròyìn pọ̀ sí i lẹ́yìn tí òfin dé. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí pé ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wá ń sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tó bí ọdún méjì ààbọ̀ tí òfin ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iye àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn mì lẹ́ẹ̀kejì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ìkọlù kejì náà sì ni òfin ń lé.

Àìpé òfin náà wà. Nínú ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, kò sí ìyà fún ẹni tí ó bá rú u. Kò lè ka ọkàn ọmọ tí ó bá fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ní ọdún 2013, ní ìpínlẹ̀ Ontario ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 17 kan tí ń jẹ́ Rowan Stringer kú lẹ́yìn tí ó fi orí gbá lemọ́lemọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan nínú eré rọ́gbì. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí ikú rẹ̀ ní ọdún 2015, ó hàn pé ó ti fura sí ara rẹ̀. Ó wá àlàyé mímì ọpọlọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù nípa rẹ̀. Àgbà kan ṣoṣo ni kò sọ ọ́ fún. Ní ọdún 2018, ilé aṣòfin Ontario ṣe Òfin Rowan, wọ́n sì ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, ọjọ́rú tí ó kẹ́yìn oṣù kẹsàn-án, láti bá àwọn ọmọ fúnra wọn sọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni òfin Lystedt kò dí ìkọlù àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Àwọn mìíràn ti gbìyànjú láti ṣe èyí. Ní ọdún 2014, ìpínlẹ̀ California ṣe òfin pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ gíga kò gbọdọ̀ ṣe ìgbáradì tí wọ́n ti ń fi ara kọ lu ara ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀ nígbà ìdíje. Ní ti bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, àjọ tí ń darí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kéde ní ọdún 2015 pé àwọn ọmọ ọdún 10 sísàlẹ̀ kò gbọdọ̀ fi orí kan bọ́ọ̀lù mọ́. Ní ọdún 2020, àjọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n má ṣe fi í kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà ìgbáradì.

Àwọn kan fẹ́ lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní California, wọ́n gbé àbá kan wá pé kí wọ́n fòfin de gbígbá ara ẹni mọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12. Ọ̀pọ̀ òbí ta kò ó, gómìnà sì sọ ní ọdún 2024 pé òun kò ní buwọ́ lù ú. Àwọn tí ó gbé àbá náà wá ní ìdí tiwọn, nítorí pé ọrùn ọmọdé kò tíì lágbára, ọpọlọ rẹ̀ sì ń dàgbà lọ́wọ́. Àwọn òbí náà ní tiwọn: eré ń fún ọmọ ní ìlera, ó ń kọ́ ọ ní ìgbọràn àti ìfaradà, ó sì ń mú un kúrò ní ìgboro. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Láàárín bíbẹ́ orí àti fífi orí sílẹ̀ láìtọ́jú ni Òfin Lystedt dúró sí. Kò ní kí ọmọ má ṣeré. Ó ní kí ọmọ tí orí ń fọ́ jókòó.

Ohun Tí Ó Kù fún Òbí

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ń tọ́ ọmọ ní Texas, ní Maryland àti ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà. Lọ́dọọdún ni ìwé yìí ń wọ ilé wọn nínú àpò ọmọ, pẹ̀lú ìwé owó aṣọ eré àti ìwé ọkọ̀. Ó rọrùn fún ẹni tí ó ti ibi iṣẹ́ òru dé láti buwọ́ lu gbogbo rẹ̀ pọ̀ láìkà á. Ṣùgbọ́n ìbuwọ́lùwé yẹn ni ẹsẹ̀ kan nínú ẹsẹ̀ mẹ́ta tí òfin fi dúró. Òbí tí ó bá kà á, tí ó sì jókòó ti ọmọ rẹ̀ láti sọ fún un pé kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn sọ pé orí ń fọ́ òun, ti ṣe ohun tí aṣòfin kankan kò lè bá a ṣe.

Ẹni tí ó wà níbi tí kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ náà kò ní àwíjàre. Kò sí pápá ilé ẹ̀kọ́ kan tí ohun mẹ́ta wọ̀nyí ṣòro láti ṣe níbẹ̀: kí ọmọ àti òbí mọ àmì mímì ọpọlọ, kí ọmọ tí wọ́n bá fura sí jókòó lọ́jọ́ náà, kí ó má sì padà títí oníṣègùn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Kò gba owó ìjọba kí olùkọ́ tó na ọwọ́ pe ọmọ jáde. Ohun tí ó gbà ni kí ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí ó dúró létí pápá fi ojú sílẹ̀ lára bọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú kan, kí ó wo ọmọ tí ó ṣubú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Létí pápá pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí.